Alágbàfọ̀ Fọ Inú Gíà

Ariwo tí mọ́tò alágbàfọ̀ pa láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, tí wọ́n bá gbé e lé ìwọ̀n, ó wúwo ju màlúù mẹ́ta lọ. Àwọn tó ń sùn jí. Àwọn tó ti jí tún jí lẹ́ẹ̀kejì. Ajá láńlọ́ọ̀dù, tí kò gbó olè rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á, gbó títí ohùn fi há a. Ẹ́ńjìnnì ń bú ramúramù bíi kìnnìún tí wọ́n já ẹran gbà lẹ́nu ẹ̀, èéfín bo gbogbo àgbàlá, ṣùgbọ́n táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró gbagidi, bí ẹni pé wọ́n gbìn wọ́n síbẹ̀ ni.

Báláú ni àdúgbò ń pe alágbàfọ̀ yìí, torí aṣọ tó bá ti ọwọ́ ẹ̀ jáde, funfun báláú ni, funfun tó jẹ́ pé eṣinṣin tó bá fẹ́ bà lé e á kọ́kọ́ nu ẹsẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Ìyá Áyọ́ọ̀nù. Òun ló ń lọ aṣọ. Ṣòkòtò tí obìnrin yẹn bá lọ̀, èèyàn lè fi ojú ìlà ẹ̀ gé búrẹ́dì. Àwọn méjèèjì ti jí láti ìdájí, wọ́n ti di aṣọ ọsibítù ní ẹrù ẹrù, wọ́n ti kó o kún búùtù, wọ́n kó o kún ìjókòó ẹ̀yìn títí ó fi kan òrùlé mọ́tò. Ohun tó kù ni kí mọ́tò lọ.

Mọ́tò ò lọ. Báláú fi gíà síwájú, kò lọ. Ó pa iná ẹ̀, ó tún tàn án, ó gbàdúrà díẹ̀, ó fi síwájú, kò lọ. Ó wá fi sí rífáàsì. Mọ́tò ta sẹ́yìn bí ẹṣin tí agbọ́n ta, ó gun ike ìfọṣọ kan mọ́lẹ̀, ike náà fọ́ wẹ́wẹ́ débi pé èèrà nìkan ló lè ṣa á. Báláú tẹ bíréèkì. Ó tún fi síwájú. Ẹ́ńjìnnì bú, táyà ò mì. Rífáàsì nìkan ló ń gbọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìjókòó-pète-pèrò. Ọsibítù aládàáni tó wà lẹ́bàá títì ńlá ló ń bọ́ ilé yẹn, ilé náà ò ní ibòmíì tó ti ń rí oúnjẹ. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì wọn àti ẹ̀wù tí àwọn dókítà wọn ń wọ̀ ṣiṣẹ́ abẹ, Báláú ló ń fọ gbogbo ẹ̀. Ó máa gbé èyí tó mọ́ wọlé, ó sì máa kó èyí tó dọ̀tí jáde. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin tó ń ṣọ́ sitóò wọn ti pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò gbóhùn sókè, ó ní iléeṣẹ́ kan wà tó ní ẹ̀rọ ìfọṣọ tó tóbi bíi yàrá, tó ní bọ́ọ̀sì tuntun, tó ń wá iṣẹ́ yìí lójú méjèèjì. Ó ní tí aago méjìlá ọ̀sán bá tún lù tí aṣọ ò tíì dé, kí Báláú má bínú sí òun.

Ìyá Áyọ́ọ̀nù jáde wá sí àgbàlá. Ó wo ike tó fọ́, ó wo mọ́tò, ó wo ọkọ ẹ̀. Lójoojúmọ́ ayé, "ẹ̀yin" ló máa ń pe ọkùnrin yẹn, àní nígbà tí inú bá ń bí i. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó di "ìwọ".

"Ìwọ ló pa á," ó ní. "Mo sọ fún ẹ lọ́jọ́ Sátidé. Mo ní mọ́tò kì í ṣe aṣọ, má fọ̀ ọ́."

Gbogbo àgbàlá ló mọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn, torí Báláú fúnra ẹ̀ ló pe àwọn èèyàn wá wò ó. Ó ti fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wo epo gíà yọ lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ó rí i pé epo náà dúdú kirikiri, oorun ò sì kùn ún mọ́. Èèyàn tó jẹ́ pé tó bá rí àbàwọ́n lára kọ́là àlejò, á bẹ àlejò kó bọ́ aṣọ, báwo ló ṣe máa sùn? Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti wà lábẹ́ mọ́tò, ó ti tú gbogbo epo yẹn dànù. Tó bá jẹ́ pé ó dúró níbẹ̀, bóyá ìyà ì bá kéré. Àmọ́ alágbàfọ̀ kì í fọṣọ kó má ṣan án. Ó da kẹrosíìnì sínú gíà, ó tan mọ́tò kó lè rọ́ ọ pọ̀, ó tú u, ó tún da òmíràn sí i, ó ń ṣan án bí ẹni ń ṣan aṣọ ìyàwó tuntun, títí ohun tó ń jáde fi mọ́ lójú ẹ̀. Ìgbà yẹn ló wá ra epo tuntun, pupa fòò, ó dà á sí i. Ó dìde, ó nu ọwọ́, ó ní inú gíà òun mọ́ ju inú ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Báyìí, àwọn tó pàtẹ́wọ́ yẹn ló kọ́kọ́ rántí pé ọlọ́gbọ́n kan kì í ṣe irú ẹ̀. Onídìrí tó ń jókòó sábẹ́ ìbòòji ògiri ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún oníbàárà tó di orí ẹ̀ mú sáàárín orúnkún. Ó ní òun ti mọ̀. Ó ní ojú lòun ń wò nígbà tí òun ń pàtẹ́wọ́. Oníbàárà ò lè mi orí, ó fi ẹsẹ̀ dáhùn.

Báláú jáde nínú mọ́tò. Ó gbá ilẹ̀kùn dé gbàmù, dígí gbọ̀n.

"Ta ló tà á fún wa?" ó bi ìyàwó ẹ̀. "Mo ní ta ló tà á? Ṣé bàbá mi ló tà á? Ẹ̀gbọ́n ẹ ni. Bọ̀dá ẹ tó búra pé ìyá arúgbó kan ló ń wà á, tí kì í gbé e lọ ju ilé àdúrà lọ. Ìyá arúgbó wo ló jẹ gíà báyìí? Ṣé eyín ló fi ń jẹ ẹ́ ni?"

Onídìrí rẹ́rìn-ín, ó yára fi ikọ́ bò ó.

Ìyá Áyọ́ọ̀nù ò lè gbà kí wọ́n fọwọ́ kan Bọ̀dá ẹ̀. Àwọn méjì náà ni ìyá wọn bí. Ó ní Bọ̀dá òun ta mọ́tò tó ń rìn fún wọn, pé ó rìn dé ilé, ó rìn lọ ọsibítù, ó rìn bọ̀, pé kò sí ibi tí kò rìn dé títí ọjọ́ tí ẹnì kan fi kẹrosíìnì wẹ̀ ẹ́. Ó pe Bọ̀dá lórí fóònù níwájú gbogbo ayé, ó gbé ohùn ẹ̀ síta kí kálukú lè gbọ́. Ohùn Bọ̀dá dùn bí oyin tí wọ́n fi ṣúgà sí. Ó kẹ́dùn. Ó ní òun ì bá sáré wá, oníbàárà ló wà lọ́rùn òun. Ó ní mọ́tò dà bí èèyàn, ó ní ohun tí ara ẹ̀ kọ̀, pé àna òun ti fi ìmọ́tótó pa á, kí àbúrò òun má bínú. Ó ní àbúrò òun mọ̀ pé òun ò lè ṣe é níbi.

"Ṣé o gbọ́?" Ìyá Áyọ́ọ̀nù sọ fún ọkọ ẹ̀. "Ìmọ́tótó ló pa á."

Ìyá Báláú, ìyá àgbà tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ki búrẹ́dì bọ tíì. Kò dá sí i. Ó kàn ń wo fóònù tó wà lọ́wọ́ ìyàwó ọmọ ẹ̀ bí ẹni ń wo ejò tí wọ́n ní ó ti kú.

Báláú sáré lọ sí títì, ó wá takisí. Èyí àkọ́kọ́ dúró, ó rí ẹrù, ó béèrè pé kí ni. Wọ́n ní aṣọ ọsibítù ni. Ó ní òun kì í gbé àìsàn. Wọ́n ní wọ́n ti fọ̀ ọ́. Ó ní àìsàn kì í fọ̀. Èkejì gbà láti gbé e, ṣùgbọ́n iye tó pè, tí wọ́n bá san án, wọ́n á fi gbogbo ohun tí ọsibítù máa san ní ìparí oṣù dí ojú ẹ̀, ojú náà ò sì ní dí. Kò tún sówó lọ́wọ́. Owó tó yẹ kó wà nílé ni wọ́n fi ra epo gíà pupa fòò yẹn.

Ni wọ́n bá ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì.

Dókítà Gíà ni mẹkáníìkì yẹn ń pe ara ẹ̀. Aṣọ ọrùn ẹ̀, tí wọ́n bá fún un, ó kéré tán wọ́n á rí epo tó máa gbé bọ́ọ̀sì dé ìlú kejì. Báláú kì í lè wò ó lẹ́ẹ̀kan tán, díẹ̀díẹ̀ ló máa ń wò ó. Ọkùnrin náà ò tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ti ń mi orí. Ó ṣí i, ó fa ọ̀pá epo gíà yọ, ó gbé e símú, ó di ojú bíi pé òkú ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló gbọ́. Ó ní kí wọ́n tàn án. Wọ́n tàn án. Ó ní kí wọ́n pa á. Wọ́n pa á. Ó wá sọ iye ẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn, iye yẹn. Tí wọ́n bá sọ ọ́ létí òkú, á jí dìde kó lè tún kú. Ó ní gíà yẹn ti kọjá àtúnṣe, pé wọ́n á ra odidi òmíràn, tòkunbọ̀, láìmọ ibi tó ti ń bọ̀. Owó ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó tí wọ́n fi ra mọ́tò fúnra ẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ yàtọ̀. Epo yàtọ̀. Owó ẹni tó máa bá a gbé e yàtọ̀. Wọ́n ní tí gíà tuntun náà ò bá wá ṣiṣẹ́ ńkọ́? Ó ní ìyẹn wà lọ́wọ́ Ọlọ́run, òun kì í dá sí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn. Ẹni tó tà á, ó jẹ níbẹ̀. Ẹni tó ń tún un ṣe, ó jẹ níbẹ̀. Ẹni tó ń ta páàtì, ó ń dúró lẹ́yìn tòun ti ṣíbí. Tálákà tó ra mọ́tò kó lè ríṣẹ́ ṣe, òun ni wọ́n gbé sínú àwo.

Ojú Báláú ti pọ́n ju epo gíà ẹ̀ lọ. Ó bi mẹkáníìkì bóyá kì í ṣe ọkùnrin náà ló yẹ mọ́tò yìí wò nígbà tí wọ́n gbé e wá fún bíréèkì. Ó ní ìgbà yẹn, ṣebí ó wà á yíká, tó ní gíà yẹn le bí irin. Ó ní irọ́ lòun gbà lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà yẹn, pé òun sì sanwó irọ́ náà. Ó di ọrùn aṣọ elépo yẹn mú, Báláú tí kì í fọwọ́ kan ìdọ̀tí láìwọ ìbọ̀wọ́. Epo kùn ún dé ìgbọ̀nwọ́. Ó ń mì ín. Ó ní gbogbo ayé ló máa mọ̀ lónìí pé olè ni, pé kò sẹ́ni tó tún máa gbé kẹ̀kẹ́ ọmọdé wá fún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ pé kò ní rí oníbàárà mọ́ yẹn ni kò jẹ́ kí mẹkáníìkì lè pa ẹnu mọ́.

"Bàbá Báláú, ẹ fi mí sílẹ̀, ẹ má ba iṣẹ́ mi jẹ́," ó ní. "Ẹjọ́ mi kọ́. Lọ́jọ́ tí mo da nǹkan yẹn sí i, mo sọ fún Bọ̀dá pé ẹni yòówù tó bá máa rà á, kí wọ́n kìlọ̀ fún un, kó má tú epo ẹ̀ láéláé."

Ọwọ́ Báláú rọ kúrò lọ́rùn ẹ̀. Ìyarun onídìrí dúró sójú kan lórí oníbàárà. Ajá láńlọ́ọ̀dù pàápàá pa ẹnu dé.

Ìyá Áyọ́ọ̀nù sún mọ́ ọn. Ohùn ẹ̀ ti kéré. "Nǹkan wo?"

Mẹkáníìkì wo ilẹ̀. Ó ṣàlàyé bí ẹni tó ń pọ òkúta. Ó ní gíà mọ́tò yẹn ti jẹ nígbà tí Bọ̀dá gbé e wọlé, kò lè gun òkè pẹ̀lẹ́bẹ́. Ó ní epo kan wà, ó nípọn bíi gọ́ọ̀mù, àwọn tó ń ta mọ́tò máa ń ní kí wọ́n dà á sí i kí irin tó ti jẹ lè máa rí nǹkan di mú. Tí wọn ò bá ti yọ ọ́, ó lè rìn fún ìgbà díẹ̀. Tí wọ́n bá yọ ọ́, ó parí. Ó ní kì í ṣe Bọ̀dá nìkan. Ó ní gbogbo wọn ló ń ṣe é. Ó ní mọ́tò tí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí, ta ló máa rà á?

Ìyá Áyọ́ọ̀nù bi í pé, lọ́jọ́ tí Bọ̀dá ní kó dà á sí i, ṣé Bọ̀dá ti mọ ẹni tó fẹ́ rà á?

Mẹkáníìkì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ń to irinṣẹ́ ẹ̀ sínú àpò, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé ẹyin ni wọ́n.

Ní ẹnu ọ̀nà, ìyá àgbà ki búrẹ́dì bọ tíì. "Bí ikú ilé ò bá pani," ó ní. Kò parí ẹ̀. Ó gbé búrẹ́dì sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́ lọ.

Gbogbo ènìyàn ń retí kí Báláú sọ tiẹ̀. Ṣebí ó ti jàre. Jíjàre tó jàre yẹn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi lè gé e ní ègé ègé kí wọ́n pín in ká àdúgbò, á sì tún ṣẹ́ kù. Ó la ẹnu. Ó rí ojú ìyàwó ẹ̀. Ó pa á dé. Ó lọ fọ ọwọ́. Ó fọ̀ ọ́ pẹ́.

Ìyá Áyọ́ọ̀nù tún gèlè ẹ̀ so, ó so ó le. Ó fa àpò ìrọ̀rí funfun kan yọ nínú ẹrù.

"Rífáàsì ń ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́?" ó bi ọkọ ẹ̀.

Báláú ní ó ń ṣiṣẹ́.

"Ẹ wọlé sínú mọ́tò," ó ní. "Aago ń lọ."

"Ẹ" ló sọ. Báláú gbọ́ ọ.

Bí wọ́n ṣe gba rífáàsì jáde nìyẹn. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò láyé, kò tíì sí mọ́tò tí ojú tì tó bẹ́ẹ̀. Ẹrù ti dí dígí ẹ̀yìn, Báláú ò rí nǹkan kan, ó yọ orí síta lójú fèrèsé, ọrùn ẹ̀ lọ́ bíi ti adìẹ tí wọ́n fẹ́ pa. Ìyàwó ẹ̀ ló ń rìn níwájú ẹ̀yìn mọ́tò, ó ń ju àpò ìrọ̀rí funfun sókè, ó ń lé kẹ̀kẹ́, ó ń lé ewúrẹ́, ó ń lé ènìyàn. Tó bá jù ú sí ọ̀tún, Báláú á yí sítíárì sí òsì, torí rífáàsì ti da orí ọkùnrin náà rú. Ìgbà tó kan ògiri ilé kan ló tó mọ èwo ni èwo. Àwọn ọmọ tó ń tẹ̀lé wọn pọ̀ ju ti ilé ìwé mẹ́ta lọ. Ọlọ́pàá tó ń darí ọkọ̀ ní ìkóríta gbọ́wọ́ sókè kó dá wọn dúró, ó wo iwájú mọ́tò, ó wo ẹ̀yìn ẹ̀, kò mọ èwo ni kó kọjú sí. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Èèyàn ń rẹ́rìn-ín ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì títì. Ìyá Áyọ́ọ̀nù ò rẹ́rìn-ín, kò sunkún, ó ń ju àpò ìrọ̀rí.

Ojú ọ̀nà yẹn gba ibi tí Bọ̀dá ti ń ta mọ́tò kọjá.

Báláú ti rí i lókèèrè. Ó pariwo látinú mọ́tò pé kí ìyàwó òun máa lọ, pé aago ti fẹ́ lù, pé ó bẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn ọsibítù, wọ́n á jọ padà wá bá a, òun fúnra òun á mú pákó dání. Ìyá Áyọ́ọ̀nù gbọ́. Ó wo oòrùn. Oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àárín orí. Ó mọ ohun tó wà lọ́sibítù ju ọkọ ẹ̀ lọ, torí òun ló ń se ohun tí wọ́n ń jẹ nílé. Ó gbé ọwọ́ sókè, mọ́tò dúró.

Nínú ọgbà, mọ́tò to jànrànjànràn, wọ́n ń dán, wọ́n dán débi pé ojú èèyàn á máa ṣomi. Bọ̀dá wà níbẹ̀ pẹ̀lú bàbá àgbàlagbà kan àti ọmọbìnrin ẹ̀. Ó ti tan mọ́tò kan fún wọn, ẹ́ńjìnnì ń kùn bí ológbò tó jẹun yó. Ọmọbìnrin náà ti jókòó sínú ẹ̀, ó ń fọwọ́ pa sítíárì lára. Bàbá náà ti ki ọwọ́ bọ inú agbádá, ọwọ́ náà ń bọ̀ tòun ti owó. Bọ̀dá ń sọ fún un pé ìyá arúgbó kan ló ń wà á.

Ó rí àbúrò ẹ̀, eyín ẹ̀ funfun. "Àbúrò mi àtàtà," ó ní, "mo ní màá wá."

Ìyá Áyọ́ọ̀nù ò kí i. Obìnrin tó jẹ́ pé ó máa ń kúnlẹ̀ kí Bọ̀dá yẹn títí orúnkún fi ń kan ilẹ̀. Ó ti fa aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan yọ lókè ẹrù, èyí tí òun fúnra ẹ̀ lọ̀ lánàá, tó ká bí ìwé. Ó gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò tí wọ́n fẹ́ tà náà sókè, ó fa ọ̀pá epo gíà yọ bó ṣe rí i tí mẹkáníìkì ṣe é, ó sì fi aṣọ náà nù ún, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ní àárín gbùngbùn ibi tó funfun jù. Ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn ò ṣàn. Ó fà bíi gọ́ọ̀mù. Ó dúdú bí inú ẹni tó dà á sí i.

Báláú tó ń wò ó lójú fèrèsé mọ́tò gbé ọwọ́ lérí. Aṣọ funfun òun àbàwọ́n kì í ṣọ̀rẹ́, àwọn aṣọ yẹn sì níye.

Ìyá Áyọ́ọ̀nù tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀ níwájú bàbá àgbà.

"Bàbá, ẹ gbóòórùn ẹ̀," ó ní. "Ó jóná, wọ́n fi nǹkan dì í lẹ́nu. Irú ẹ̀ ni Bọ̀dá mi tà fún èmi, àbúrò wọn, ọmọ ìyá kan náà. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ẹbí, ẹ rò ó wò."

Bàbá náà tẹ̀ba. Ó gbóòórùn ẹ̀. Ó nàró, owó padà sínú agbádá. Ó di ọmọ ẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n jáde ní ọgbà, wọn ò sọ pé ó dàbọ̀, wọn ò sọ pé a dúpẹ́. Ẹ́ńjìnnì mọ́tò tó dùn yẹn ṣì ń kùn, kò sẹ́ni tó rántí pa á.

Ẹ̀rín ti gbẹ lójú Bọ̀dá. Ó sún mọ́ àbúrò ẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní òun náà lọ́mọ, òun náà ń san owó ilé. Ó ní ẹni tó ta mọ́tò yẹn fún òun, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe òun. Ó ní ta ni kí òun tún yí i sí? Ó wá ní, "Ìyá kan náà ló bí wa."

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ni," Ìyá Áyọ́ọ̀nù dá a lóhùn. Ó ká aṣọ tó ti bàjẹ́ náà, ó ká a dáadáa, ìgun kan ìgun, bí èyí tó mọ́. Ó padà sẹ́yìn mọ́tò, ó gbé àpò ìrọ̀rí sókè.

Aago ti lù nígbà tí wọ́n dé ọsibítù. Kò tíì pẹ́ tó lù. Bọ́ọ̀sì tuntun kan wà lójú ilẹ̀kùn sitóò, ó funfun, wọ́n ya ọṣẹ tó ń hó sí i lára, ọkùnrin méjì tó wọ aṣọ kan náà ń ti kẹ̀kẹ́ onírin bọ̀ wá sínú ẹ̀. Obìnrin tó ń ṣọ́ sitóò rí Báláú. Ojú ẹ̀ ò le. Ì bá sàn kí ó le. Ó ní kí wọ́n kó ohun tí wọ́n gbé wá wọlé, pé yàrá iṣẹ́ abẹ ń retí ẹ̀wù. Ó kà wọ́n. Ó tún aṣọ bẹ́ẹ̀dì kà. Ó wo Báláú. Ìyá Áyọ́ọ̀nù ló gbé èyí tó kù síwájú ẹ̀. Obìnrin náà ṣí i díẹ̀, ó pa á dé, ó ní wọ́n máa yọ owó ẹ̀ nínú ohun tí wọ́n máa san.

Báláú na àpò tí wọ́n fi ń kó èyí tó dọ̀tí sí i, bó ṣe máa ń ṣe. Ó ti ṣí ẹnu àpò náà dè é.

"Kò sí," obìnrin náà sọ. "Wọ́n ti kó o."

Ọkùnrin kan ti ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì tuntun yẹn, ó pa mọ́ pẹ́ẹ́, kò dún bí ilẹ̀kùn mọ́tò tálákà. Báláú dúró tòun ti àpò òfìfo lọ́wọ́. Alágbàfọ̀ tó ń tọrọ ìdọ̀tí, tí kò rí. Ìyá Áyọ́ọ̀nù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ń retí ọ̀rọ̀ kan. Ó mọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe mọ orúkọ ara ẹ̀: pé ká ní o ò dúró lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn wà lẹ́nu Báláú, ó ti wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀. Ó ká àpò náà. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Wọ́n padà sínú mọ́tò. Báláú tàn án, ó fi sí rífáàsì. Ẹ́ńjìnnì bú, táyà ò mì. Ó tún fi sí i. Rífáàsì náà ti kú. Mọ́tò dábùú géètì ọsibítù, bọ́ọ̀sì tuntun fẹ́ jáde, awakọ̀ ẹ̀ tẹ fèrè, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ọlọ́dẹ géètì sáré wá, ó ń pariwo pé kí wọ́n gbé pàǹtí yìí kúrò, ambúláǹsì ń bọ̀.

Ìgbà yẹn ni fóònù Ìyá Áyọ́ọ̀nù dún. Ìyá ẹ̀ tó bí i ni. Bọ̀dá ti pè é ṣáájú, ó ti sunkún lórí fóònù. Ohùn ìyá náà lágbára, ó kún inú mọ́tò, ó tú síta. Ó ní ṣé ojú ọjà ni wọ́n ti ń tú àṣírí ọmọ ìyá ẹni. Ó ní ọkọ ló ń tì í, pé ọkọ lè kọ èèyàn lọ́la, ẹ̀gbọ́n ò ṣe é kọ̀. Ó ní kó lọ kúnlẹ̀ fún Bọ̀dá kí ilẹ̀ ọjọ́ yìí tó ṣú, kó sì wá oníbàárà yẹn rí, kó sọ fún un pé ara òun ni kò yá.

"Màámi, mo ń gbọ́ yín," Ìyá Áyọ́ọ̀nù ní.

Báláú ti jáde, ó ti fi èjìká ti òpó ilẹ̀kùn, ó ń tì í, ọwọ́ kan lórí sítíárì. Mọ́tò mì, ó padà síbi tó wà. Fèrè tún dún lẹ́yìn wọn. Ìyá Áyọ́ọ̀nù gbé fóònù sórí ìjókòó tó ti ṣófo, kò pa á. Ó bọ́ bàtà. Ó lọ sẹ́yìn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sí búùtù, ó fi orí ti apá, ó tì í.

Mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ díẹ̀díẹ̀. Síwájú ni. Nínú ẹ̀, ìyá ẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀, ó ń bá ìjókòó wí, ó ń ka oore tí Bọ̀dá ti ṣe fún wọn láti kékeré, ó ń béèrè pé ṣé ó ń gbọ́, ṣé ó ń gbọ́. Àwọn méjèèjì ò gbọ́. Wọ́n ń ti mọ́tò.